Ilẹ̀ tí Ọ̀rọ̀nsẹ̀n Gbà Lọ

Bí ọdún Igógo bá dé ní Ọ̀wọ̀, ní oṣù kẹsàn-án, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè, a kì í sì í lu ìlù. Agogo ni ó ń dún fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ a di irun bí obìnrin, a wọ ìlẹ̀kẹ̀ iyùn, a sì jó jáde sí ìlú. Nítorí ayaba kan ṣoṣo ni gbogbo èyí.

Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ni orúkọ rẹ̀, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹrẹngẹjẹn. Ìtàn sọ pé kì í ṣe ènìyàn lásán, ó sì ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, a kò sì gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. (Ẹni tí ó bá dàgbà nínú ilé olórogún kò ní í béèrè ìdí.) Ó bínú jáde ní ààfin, wọ́n lé e títí, gèlè rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá ní Igbó Lájà.

Ní 1971, Ekpo Eyo, ọ̀gá àwọn awalẹ̀ ìjọba àpapọ̀, wa ilẹ̀ Igbó Lájà yìí. Ère amọ̀ ni ó bá níbẹ̀: orí ènìyàn tí àwọn mìíràn nínú wọn ní ìlà gbọọrọ lójú bí ti Ifẹ̀, àti àmọ̀tẹ́kùn tí ó ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Èédú tí ó wà pẹ̀lú wọn tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1435. Nígbà náà, àwọn mọ́ńkì ṣì ń gbé inú ilé àdúrà wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ku bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí Ọba Henry Kẹjọ tó tú wọn ká. Tiwọn ku ògiri òkúta. Tiwa ku orúkọ igbó, ìtàn àti ọdún tí a kò dẹ́kun ṣíṣe.

Amọ̀ kò lè dárúkọ ayaba. Ṣùgbọ́n ìtàn ẹnu ti ń pe ilẹ̀ yẹn ní ibi ọ̀wọ̀ kí ọkọ́ awalẹ̀ tó kàn án, èyí sì tó fún mi láti bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ń pa á.

Ààfin Ọ̀wọ̀, tí wọ́n ní ó ti ní tó ọgọ́rùn-ún àgbàlá rí, ti dín kù púpọ̀. Ọmọ tí a kò sì pa ìtàn náà fún, ìyọnu ni yóò ka ṣíṣí fìlà sí. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀ ti wà láti 1968. Ẹ̀yin òbí, ẹ mú wọn lọ, ẹ sì pa ìtàn ilá fún wọn lójú ọ̀nà.