Ẹ̀yin tó fẹ́ fi bọ́ọ̀sì kó èrò lọ sí Kútọnu àti Lòmé: Ibi tí èrè wà, ibi tí gbèsè lúgọ sí

Kì í ṣe dandan kí gbogbo ẹni tó ní bọ́ọ̀sì ní Yábàá, Mùṣin tàbí Sùúrùlérè máa pe "Òṣòdì, Òṣòdì" láti àárọ̀ di alẹ́. Èèyàn lè fi mọ́tò rẹ̀ kó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Òwò tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣírò rẹ̀ dáadáa lè fi owó ara rẹ̀ gbé èrò lọ, kó sì tún fi gbé wọn bọ̀.

Ní Yúróòpù, láàárín àwọn òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Alps, níbi tí adágún omi pọ̀ sí, mọ́tò tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù sínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò ń háyà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dáná. Ọdún 1951 ni ilé iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tún inú bọ́ọ̀sì Volkswagen ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ́ọ̀sì Volkswagen yìí náà làwa sọ di dáńfó l'Ékòó. Ohun tó jẹ́ kí òwò náà lérè lọ́hùn-ún ni pé ààyè ìgbọ́kọ̀sí wà, tó ní omi, iná àti ilé ìwẹ̀. Lójú ọ̀nà tiwa, sísùn sínú mọ́tò lẹ́bàá títì léwu. Òtẹ́ẹ̀lì lẹ máa sanwó fún, ibẹ̀ sì ni ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀.

Adágún omi tó wà nítòsí wa kò kéré. Ẹ ó gba Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ ó sì wọ Kútọnu. Láti Abomey-Calavi, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé èèyàn lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí òpó igi láàárín adágún Nokoué. Àwọn tó ń sá fún àwọn akónilẹ́rú ló tẹ̀ ẹ́ dó. Ní Tógò, Togoville wà létí adágún Togo. Ibẹ̀ ni Gustav Nachtigal, ará Jámánì, ti tọwọ́ bọ àdéhùn lọ́jọ́ 5, oṣù keje, ọdún 1884, tí Jámánì fi di alábòójútó ilẹ̀ náà. Òru méjì ní Kútọnu, òru kan ní Lòmé, ní ọjọ́ kẹrin ẹ ti padà sílé.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn. Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 fàyè gba ọmọ orílẹ̀-èdè kan láti wọ òmíràn láìgba físà, kó sì lo ọjọ́ 90, bó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Àmọ́ ohun tó wà fún èèyàn kọ́ ló wà fún mọ́tò. Mọ́tò ara ẹni lè lo ọjọ́ 90, mọ́tò akérò kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 15, kò sì gbọdọ̀ ṣòwò nínú orílẹ̀-èdè tó wọ̀. Bí ìjókòó bá ṣófo, ẹ má ṣe gbé èrò ní Kútọnu. Ẹ mú láísẹ́ǹsì awakọ̀, ìwé mọ́tò àti Brown Card dání. Ìnṣọ́ránsì tí ECOWAS dá sílẹ̀ lọ́dún 1982 ni Brown Card, òun ló ń dúró fún yín bí mọ́tò yín bá ṣèèyàn léṣe lókè òkun bọ́dà. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín lẹ ti máa béèrè rẹ̀. Ẹ sì sọ fún èrò yín pé aṣọ́bodè lè gbowó lórí ọjà tí wọ́n bá rà bọ̀.

Owó ṣíṣẹ́ ló ń pa ọ̀pọ̀ èrè. Sẹ́fà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná, wọ́n sì ti so ó mọ́ owó Yúrò: sẹ́fà 655.957 ni Yúrò kan. Bí náírà bá rẹlẹ̀ sí Yúrò, ó rẹlẹ̀ sí sẹ́fà náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣàpẹẹrẹ. Ká ní èrò 14 ń sun yàrá 7, tí yàrá kan jẹ́ sẹ́fà 20,000 lóru kan. Yàrá 7 fún òru 3 jẹ́ sẹ́fà 420,000. Bí sẹ́fà kan bá jẹ́ náírà 2.50 lọ́jọ́ tí ẹ gbowó, ₦1,050,000 ni. Bó bá di náírà 2.75 kí ẹ tó gbéra, ó ti di ₦1,155,000. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 105 náírà ti bọ́ lápò yín, mọ́tò kò tíì kúrò ní Yábàá.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ kò le. Bí ẹ bá ti gba àsansílẹ̀, ẹ ṣẹ́ owó òtẹ́ẹ̀lì sí sẹ́fà lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tí iye owó náà máa parí sínú rìsíìtì, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e fún ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé bọ́dà. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà tì í, oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé iye báyìí lẹ ó dá padà bí ọ̀nà bá dí, kí ìjà má baà wáyé láàárín ẹ̀yin àti oníbàárà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní Yábàá ló ti yẹ kí ẹ mọ̀ bóyá ìrìn àjò náà máa lérè.