Ta ní ń bèèrè èdè kékeré lẹ́nu ọ̀nà?



Kí orílẹ̀-èdè kan tó wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé: àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ nílẹ̀ yín ńkọ́? Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Copenhagen ní 1993 ló fi ìyẹn sí ara ohun tí ẹni tó fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ mú wá. Ní Latvia, níbi tí àwọn tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà ti pọ̀, wọ́n tún òfin ṣe ní 1998 kó lè rọrùn fún wọn láti di ọmọ onílùú. Latvia wọlé ní 2004.

Àwa ńkọ́? Èkó níhìn-ín ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni ní irú ìbéèrè yẹn. Ìgbà tí wọ́n tún àdéhùn náà kọ ní 1993 ni wọ́n fi kún un pé ká máa tẹ̀lé Ìwé Ẹ̀tọ́ Áfíríkà, èyí tó ní kí wọ́n má ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà tàbí èdè. Láti 2005, ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè gba kóòtù ECOWAS lọ fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ rèé o: Yúróòpù ń bèèrè kí èèyàn tó wọlé, tiwa, ó dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dun ẹnì kan dé kóòtù.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Yewa gan-an. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ló jẹ́ kí Kétu bọ́ sí apá Faransé, tí Ìmẹ̀kọ sì wà lọ́dọ̀ wa. Yorùbá kan náà ni: lọ́hùn-ún a ò pọ̀ tó àwọn Fọ̀n, níhìn-ín àwa la pọ̀ jù. Òfin ìpìlẹ̀ Benin ti 1990 fún gbogbo àwùjọ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èdè wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́. Inú wa dùn sí i.

Ṣùgbọ́n Ègùn tó wà ní Ìpokíá ńkọ́? Ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí ọmọ tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ wo "tàbí" yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni Yorùbá ti lè gba ipò Ègùn ní kíláàsì, láìsí ẹni tó rú òfin kankan.

Ilé la ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí a bá ń fẹ́ fún ọmọ Kétu, olùkọ́ tó gbọ́ èdè ilé rẹ̀ àti ìwé tó lè kà, ká fẹ́ ẹ fún ọmọ Ègùn náà. Kò dìgbà tí ECOWAS bá bi wá.