Ìwé Àṣẹ Ìbọn l'Amẹ́ríkà: Bí Ọjọ́ Bá Pé Ńkọ́?

Ká mú un pé obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Houston. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló máa ń ti ìlẹ̀kùn. Owó ọjọ́ náà á wà nínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ ẹ̀gúsí tó kù, ìbọn ìléwọ́ kékeré kan á sì wà nínú báàgì tó gbé kọ́ èjìká. Kò tọrọ àṣẹ ìbọn yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì rú òfin kankan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni Texas ti gbà pé ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè gbé ìbọn ìléwọ́ rìn láìgba ìwé. Ó wá di ọjọ́ kan, ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí Maryland. Wọ́n kẹ́rù, ó di Bowie, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kún sí. Bó bá gbé báàgì yẹn kọ́ èjìká níbẹ̀ bó ṣe ń gbé e kọ́ ní Houston, ẹ̀wọ̀n ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ká tiẹ̀ ní ó ti gba ìwé àṣẹ Texas, Maryland kì í ka ìwé ìpínlẹ̀ mìíràn sí.

Ní Maryland, ọwọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ni ìwé yìí wà. Wákàtí 16 ni èèyàn máa fi jókòó ní kíláàsì, á sì yìnbọn lójú olùkọ́ kí wọ́n lè rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Á tẹ ìka, á san dọ́là 125, ìjọba sì ní ọjọ́ 90 láti dá a lóhùn. Èyí tiẹ̀ ti dẹrùn o. Kí oṣù keje ọdún 2022 tó dé, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ìdí gúnmọ́ kan wà tó fi nílò ìbọn. "Ẹ̀rù ń bà mí" lásán kò tó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí nǹkan fi yàtọ̀ báyìí láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì, kó kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó sídìí tábìlì. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Pennsylvania, ṣẹ́rífù ni. Ní Virginia, kóòtù ni, akọ̀wé kóòtù ló sì ń gba fọ́ọ̀mù. Ní Georgia, adájọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogún àti ìwé ìhágún ni. Ní ọ̀pọ̀ káúntì New York tó jìnnà sí ìlú ńlá, adájọ́ ló ń fọwọ́ sí i, àmọ́ nínú ìlú New York gan-an, ọ̀gá ọlọ́pàá ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ti Florida: iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ kan náà tó ń yẹ ọsàn wò, tó ń wò ó bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta bẹntiróòlù kò rẹ́ oníbàárà jẹ, òun náà ló ń fún èèyàn níwèé ìbọn. Florida alára kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni gbàwé mọ́ láti oṣù keje ọdún 2023, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń wá a, torí ẹni tó níwèé lè rí àyè ní àwọn ìpínlẹ̀ tó bá gbà á. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó sì ní kí ìbọn má sún mọ́ ilé ẹ̀kọ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kì í mú ẹni tí ìpínlẹ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ náà wà fún níwèé àṣẹ.

Owó wá ńkọ́? South Dakota ń gba dọ́là 10 tẹ́lẹ̀, kó tó fagi lé owó náà lọ́dún 2022. Pennsylvania ń gba 20, ìwé náà sì ń lo ọdún márùn-ún, ìyẹn dọ́là mẹ́rin lọ́dún. Texas ń gba 40 báyìí. 140 ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2017 ni wọ́n já a wálẹ̀. Illinois ń gba 150 lọ́wọ́ ọmọ ìpínlẹ̀, ó ń gba 300 lọ́wọ́ àlejò. New Jersey sọ tiẹ̀ di 200 ní ìparí ọdún 2022, ọdún méjì péré ni ìwé náà sì ń lò. Nínú ìlú New York, dọ́là 340 ni fọ́ọ̀mù, títẹ ìka jẹ́ 88.25, fún ọdún mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní dọ́là 140 lọ́dún. Owó tí ẹnì kan ní Philadelphia ń san lọ́dún kò tó owó búrẹ́dì kan. Tẹni tó wà ní Brooklyn tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Owó fọ́ọ̀mù tí ojú rí lásán nìyí. Owó olùkọ́ ò sí nínú rẹ̀. Òfin New York ní wákàtí 16 ní kíláàsì àti wákàtí méjì níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn, olùkọ́ sì ń gba iye tó bá wù ú. Ẹni tó ń gba owó wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá ṣiṣẹ́ á fi ọjọ́ méjì iṣẹ́ ṣòfò. Á tún wá èèyàn mẹ́rin tó máa jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Ìgbà tó bá parí gbogbo èyí, ìjọba ní oṣù mẹ́fà láti dá a lóhùn.

Illinois ló ta ọjọ́ lójúkojú. Ẹni tó bá fi ìtẹ̀ka mọ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀, ọjọ́ 90 ni ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó ìtẹ̀ka, wọ́n lè fi ọjọ́ 30 kún un. Ìpínlẹ̀ yìí ló kẹ́yìn nínú gbogbo Amẹ́ríkà láti gbà kí ará ìlú gbé ìbọn sábẹ́ aṣọ, ọdún 2013, kóòtù ló sì fipá mú un.

Kóòtù mìíràn ló dá gbogbo rògbòdìyàn tó ń lọ báyìí sílẹ̀. Láti ọdún 1911 ni New York ti ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Sullivan, èyí tó fún òṣìṣẹ́ ìjọba lágbára láti wo ojú ẹni tó wá, kó sì sọ fún un pé ìdí rẹ̀ kò tó. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé agbára yẹn nínú ẹjọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Bruen. Adájọ́ Clarence Thomas ló kọ ìdájọ́ náà, mẹ́fà sí mẹ́ta. Lẹ́sẹ̀ kan náà, New York, New Jersey, Maryland, California àti Hawaii kò lè bi ará ìlú pé kí ló fẹ́ fi ìbọn ṣe mọ́. Fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí ya wọlé bí omi òjò.

Àmọ́ nísàlẹ̀ ojú ewé ìdájọ́ yẹn, nínú àlàyé kẹsàn-án, gbólóhùn kan wà tí àwọn lọ́yà kò jẹ́ kó sinmi láti ìgbà náà: bí ìdúró bá pẹ́ jù, tàbí tí owó bá wọ́n kọjá ààlà débi pé mẹ̀kúnnù kò lè rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, ẹnu ọ̀nà kóòtù ṣì ṣí sílẹ̀. Kò sọ iye ọjọ́, kò sọ iye dọ́là. Káúntì Los Angeles ni ọ̀rọ̀ náà ti wá hó jù. Òfin California ní ọjọ́ 120 ni kí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ ẹni tó bá béèrè. Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ọ́fíìsì ṣẹ́rífù káúntì náà lọ sí kóòtù. Ẹ̀sùn wọn ni pé nínú nǹkan bí 4,000 fọ́ọ̀mù tuntun tó wọlé láàárín oṣù kìíní ọdún 2024 sí oṣù kẹta ọdún 2025, méjì péré ni wọ́n fọwọ́ sí. Ọ́fíìsì náà ní òṣìṣẹ́ kò tó, iṣẹ́ ló pọ̀ jù wọ́n lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ 120 bá pé tí èsì kò dé, kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́fíìsì. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù ló ń jókòó nílé retí, bó bá sì gbé ìbọn jáde, òun náà ni wọ́n máa mú.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tiwa níbẹ̀ kí n tó máa lọ. Ẹni tó ní gíríìn káàdì, òfin ìjọba àpapọ̀ kò dí i lọ́wọ́ àtiní ìbọn. Ẹni tó wà lórí físà ọmọ iléèwé tàbí ti àbẹ̀wò, yàtọ̀ sí àwọn àyọsílẹ̀ díẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ní in rárá, ì báà jẹ́ ní Texas tí kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé.

Ká wá padà sọ́dọ̀ ìyá oníṣọ́ọ̀bù wa. Ká ní òdìkejì odò Potomac ni ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́, ní Virginia. Á gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ kan, á mú fọ́ọ̀mù lọ sí kóòtù, owó tó máa san kò ní ju dọ́là 50 lọ. Kóòtù ní ọjọ́ 45. Bí ọjọ́ 45 bá pé tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, òfin ní kí akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sára fọ́ọ̀mù tí obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé ọjọ́ ti kọjá, kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù yẹn ti di ìwé àṣẹ nìyẹn, fún ọjọ́ 90. Á ká a sí mẹ́rin, á fi í sínú báàgì, á sì lọ ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.