Bí Òkun Gbígbóná Ṣe Ń Darí Ìjì Ilẹ̀ Olótùútù

Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù kejì ọdún 1998, ìjì líle ń tẹ̀ lé ara wọn láti orí Òkun Pàsífíìkì wá sí ilẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Odò kún àkúnya, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ òkè ya lulẹ̀, ilé ẹlòmíràn sì wó láti etí bèbè sínú òkun. Ẹni tí ó bá wo ojú ọ̀run ibẹ̀ nìkan yóò sọ pé ìjì ìgbà òtútù lásán ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1997 ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ojú ọ̀run California ni wọ́n wò kí wọ́n tó kìlọ̀. Omi òkun agbedeméjì ayé, tí ó jìnnà sí ibẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ni wọ́n wò. Báwo ni omi gbígbóná ṣe lè darí ìjì ilẹ̀ olótùútù? Èyí ni a fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀.

Ní ọdún tí nǹkan bá lọ déédéé, atẹ́gùn tí ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn a máa ti omi gbígbóná orí Pàsífíìkì lọ sí apá Indonéṣíà, omi tútù a sì máa sọ láti ìsàlẹ̀ ní etíkun Perú. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 2 sí 7 síra wọn, atẹ́gùn yìí a dẹwọ́, omi gbígbóná a sì padà sí ìhà ìlà-oòrùn. Nítorí pé àsìkò Kérésìmesì ni àwọn apẹja Perú máa ń rí i, wọ́n pè é ní El Niño, èyí tí í ṣe Ọmọkùnrin náà, ìyẹn Jésù ọmọ-ọwọ́. Nígbà tí omi àárín òkun náà bá sì tutù ju bí ó ti yẹ lọ, La Niña ni à ń pè é.

Sir Gilbert Walker, ẹni tí ó di olórí iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Íńdíà ní ọdún 1904, ti ṣàkíyèsí pé bí afẹ́fẹ́ bá wúwo ní apá kan Pàsífíìkì, a fúyẹ́ ní apá kejì, bí òṣùwọ̀n ọlọ́wọ́ méjì. Jacob Bjerknes, ọmọ Nọ́wè tí ń kọ́ni ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ni ó so èyí pọ̀ mọ́ ooru òkun àti mọ́ ojú ọjọ́ ìgbà òtútù ní ìhà àríwá, nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1966 àti 1969.

Kí a má ṣe rò pé ooru omi náà ni ó ń rìn lọ bá ilẹ̀ olótùútù, bí ooru ààrò ti í bá ẹni tí ó jókòó tì í. Ọ̀nà mìíràn ni ó ń gbà. Ẹ gbé omi tí ó tutù bí yìnyín ka iná. Ooru tí yóò fi gbẹ tán nínú ìkòkò lẹ́yìn tí ó bá ti hó ju ìlọ́po 5 èyí tí ó mú un hó lọ. Ooru náà kò ṣègbé. Inú oru ni ó wà. Nígbà tí oru òkun bá gòkè, tí ó di ìkúùkù, tí ó sì di òjò, yóò dá ooru náà padà sí òfurufú. Níbi tí omi òkun bá ti gbóná tó ìwọ̀n Celsius 28 ni irú òjò ńlá bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà, bí omi gbígbóná bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, òjò a bá a ṣí, ààrò òfurufú a sì ṣí pẹ̀lú wọn.

Ní òkè, bí ìwọ̀n kìlómítà 10 sí ilẹ̀, atẹ́gùn kan wà tí ń ṣàn bí odò yí ayé ká láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ẹ rántí bí àpáta ti í ṣe ní àárín odò. Omi tí ó bá kọlù ú a ru, ìgbì a sì tò lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Bí a bá sún àpáta náà, àwọn ìgbì náà yóò sún. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń ru gòkè lórí òkun ni àpáta ti odò atẹ́gùn. Carl-Gustaf Rossby, ọmọ Swídìn, ṣe àlàyé ní ọdún 1939 bí yíyí tí ayé ń yí ṣe ń darí irú ìgbì ńlá bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa tẹ̀ kọrọdọ láti agbedeméjì ayé lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà.

Ìgbà òtútù ni èyí hàn jù, nítorí pé ìgbà náà ni ìyàtọ̀ ooru láàárín agbedeméjì ayé àti òpin àríwá pọ̀ jù, tí odò atẹ́gùn sì le jù. Lára rẹ̀ ni ìjì ti ń jẹun. Ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ̀. Ní ọdún El Niño, ó sábà máa ń nà síwájú sí ìlà-oòrùn, a sì sún sí gúúsù. Ìjì a wá kọjú sí California àti gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tí òtútù a dẹwọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Kánádà. Ní ọdún La Niña, ìhà àríwá ni ìjì sábà máa ń gbà.

Pàsífíìkì nìkan kọ́ ni ó ní irú agbára yìí. Ní ìparí ọdún 2019, ìhà ìwọ̀-oòrùn Òkun Íńdíà gbóná gidigidi, ìhà ìlà-oòrùn rẹ̀ sì tutù. Ìwádìí àwọn onímọ̀ fi hàn pé èyí wà lára ohun tí ó mú odò atẹ́gùn orí Àtìláńtíìkì le ní ìgbà òtútù tí ó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjì Ciara àti ìjì Dennis bo Brítéènì. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí oṣù kejì kan tí òjò rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ wọn láti ọdún 1862.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. El Niño ọdún 2015 sí 2016 fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti 1997 dọ́gba, gúúsù California sì ń retí òjò. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó rí. La Niña ni ó wà lórí òkun ní ìparí ọdún 2022, síbẹ̀ ìjì kò jẹ́ kí California sinmi títí wọ inú oṣù kìíní ọdún 2023. Bí a bá fi òjé há apá kan owó ẹyọ, tí a sì dà á ní ìgbà 100, ojú kan ni yóò máa hàn jù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà ojú tí yóò hàn ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Òjé ni òkun gbígbóná jẹ́ fún owó ẹyọ ojú ọjọ́.

Ohun tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ tẹ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí ni èyí: ìkìlọ̀ kì í ṣe ìlérí. Ìlú tí ó gbọ́ ìkìlọ̀, tí ó sì la ojú gọ́tà rẹ̀, kò pàdánù nǹkan púpọ̀ bí òjò kò bá rọ̀. Èyí tí ó kọ etí dídi, tí òjò sì rọ̀, ẹ̀mí ni yóò fi san án. Ọ̀rọ̀ náà sì ń le sí i, nítorí pé nínú ooru àlékún tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń kó bá ayé, ó ju ìdá 90 nínú 100 lọ tí òkun ti gbé mì. Ohun tí òkun gbé mì kò parí sínú òkun.