Rẹ́gí Ni Ohun Ẹni Ń Bá Ni Mu: Bí Snowboard Kan Ṣoṣo Ṣe Di Oríṣiríṣi

Snowboard ni pátákó tí èèyàn máa ń dúró lé ní ẹ̀gbẹ́, tí yóò di ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn, tí yóò sì fi yọ̀ wálẹ̀ láti orí òkè tí òjò dídì bò. Lójú ẹni tí kò gùn ún rí, gbogbo rẹ̀ jọra. Nínú ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà ló kún ara wọn: gígùn, ìbú ìbàdí, bó ṣe le tó, bí àárín rẹ̀ ṣe tẹ̀. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá gun òkè lórí pátákó háyà lè dé iwájú wọn kó máa wò bí ọmọ tuntun. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà náà tó ṣàdédé wá. Ìṣòro kan tí àwọn tó kọ́kọ́ gùn ún bá pàdé lórí òkè ló bí ìkọ̀ọ̀kan wọn.

Ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1965 ni Sherman Poppen, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú Muskegon, ìpínlẹ̀ Michigan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, so síkì méjì, pátákó tóóró tí wọ́n ń dì mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi yọ̀ lórí òjò dídì, pọ̀ kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ lè dúró lé e lórí kí wọ́n sì máa fi yọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà nítòsí ilé. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Snurfer: ó mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún òjò dídì, ó pa á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń lò fún gígun ìgbì òkun. Ní 1966, ilé iṣẹ́ Brunswick gba àṣẹ lọ́wọ́ Poppen, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á bí ohun ìṣeré ọmọdé. Okùn kan wà ní imú rẹ̀ tí ẹni tó gùn ún máa ń dì mú bí ìjánu ẹṣin. Kò sí ohun tó de ẹsẹ̀ mọ́ ọn, kò sì ní irin létí. Ẹni tó bá ṣubú á dìde, á gbọn òjò dídì kúrò lára, á tún bẹ̀rẹ̀.

Poppen nìkan kọ́ ló ní irú èrò bẹ́ẹ̀. Ní 1963, Tom Sims, ọmọ ilé ìwé ní New Jersey tó fẹ́ràn skateboard, ti ṣe pátákó kan ní kíláàsì iṣẹ́ igi kó lè máa rí nǹkan gùn nígbà òtútù. Ní àwọn ọdún 1970, Dimitrije Milovich dá ilé iṣẹ́ Winterstick sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah. Òjò dídì ibẹ̀ jìn, ó sì rọ̀ bí ẹ̀lùbọ́. Ìdí nìyẹn tí Milovich fi ṣe pátákó tí ìdí rẹ̀ là sí méjì bí ìrù alápàńdẹ̀dẹ̀: ìdí á rì, imú á yọ sókè, ẹni tó gùn ún kò sì ní dojú bolẹ̀. Títí di òní, pátákó tí wọ́n ń ṣe fún irú òjò dídì lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀ ṣì ń jogún ìrísí yìí.

Ẹni tó sọ ohun ìṣeré yìí di òwò ńlá ni Jake Burton Carpenter. Ó ti mọ Snurfer láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ní 1977, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pátákó tirẹ̀ ní Londonderry, ìpínlẹ̀ Vermont. Ní 1979, ó gbé e lọ sí ìdíje Snurfer ní Michigan. Ó ti kan ìdè mọ́ ọn láti fi di ẹsẹ̀ mú, àwọn olùdíje kan sì fárígá pé ìyẹn kì í ṣe Snurfer mọ́. Àwọn tó ṣètò ìdíje náà dá ìsọ̀rí mìíràn sílẹ̀ fún un, ó sì gbégbá orókè níbẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsọ̀rí tirẹ̀ ni, ohun tí ìdè náà fi hàn kò fara sin: ẹsẹ̀ tí a dè mọ́ pátákó lè yí i sí ibi tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó kàn dúró lé e lásán, ibi tí pátákó bá gbé e lọ ló ń lọ.

Ìṣòro tó kàn ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà yẹn, díẹ̀ ni ibùdó síkì tó ń gba oní-snowboard láyè. Àwọn tó ni ibùdó ń bẹ̀rù ìjàǹbá àti owó adójútòfò, àwọn onísíkì sì ń rí wọn bí ọmọ ìta. Ọdún 1983 ni Stratton ní Vermont ṣílẹ̀kùn fún wọn, àwọn ibùdó yòókù sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Taos ní New Mexico kò gbà wọ́n títí di 2008. Alta àti Deer Valley ní Utah, pẹ̀lú Mad River Glen ní Vermont, kò tíì gbà wọ́n di ìsinsìnyí.

Òjò dídì inú ibùdó síkì kì í ṣe ẹlẹ́búlẹ́bú. Ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́ pa, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì máa dì gbagidi ní àárọ̀. Pátákó tí kò ní irin létí á kàn máa ṣí kiri lórí rẹ̀ ni. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi irin sí etí pátákó ní àwọn ọdún 1980, tí wọ́n sì fi ohun tó ga sẹ́yìn ìdè kí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lè fara tì í. Wọ́n tún fún pátákó ní ìbàdí: imú àti ìdí gbòòrò, àárín tín-ínrín. Bí a bá gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ìtẹ̀kọrọ ìbàdí yìí ló ń fà á yípo. Bí ìtẹ̀kọrọ náà bá pọ̀, pátákó á yí ní kíákíá. Bí ó bá kéré, á yí gbọọrọ, á sì fara balẹ̀ bí ó bá ń sáré.

Bí ààyè ṣe ń ṣí sílẹ̀ ni àwọn tó ń gùn ún ń pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn asáré fẹ́ pátákó tóóró tó le, àwọn afòkiri fẹ́ èyí tó rọ̀ tí imú àti ìdí rẹ̀ dọ́gba kí wọ́n lè máa balẹ̀ ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn. Nígbà tí snowboard kọ́kọ́ wọ ìdíje Òlímpíìkì ní Nagano, Japan, ní 1998, apá méjì yìí gan-an ni wọ́n fi díje: eré sísá láàárín òpó, àti fífò nínú kòtò gígùn tó tẹ̀ bí ìdajì ọ̀pá, tí wọ́n ń pè ní halfpipe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe asáré, wọn kì í sì í ṣe afòkiri. Wọ́n á gun ojú ọ̀nà líle ní àárọ̀, wọ́n á wọ inú igbó lọ wá lẹ́búlẹ́bú, wọ́n á fo ìyókù ọjọ́ náà tán. Nítorí tiwọn ni pátákó tí wọ́n ń pè ní all-mountain, pátákó gbogbo òkè, ṣe jáde. Kò lé téńté nínú ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti ń dójú tini.

Ọ̀rọ̀ tún yí padà láàárín 2000 sí 2010. Kí ó tó di ìgbà náà, pátákó camber ló gbajúmọ̀ jù. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì, àárín rẹ̀ á ga bí ọrun ọdẹ tí a dojú rẹ̀ dé. Bí ẹni tó gùn ún bá tẹ̀ ẹ́, àárín á wálẹ̀, gbogbo etí á sì di ilẹ̀ mú ṣinṣin. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í dárí ji ẹni tó bá ṣàṣìṣe: etí tó bá kọ́ ilẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ á gbé èèyàn lulẹ̀ gbì. Ilé iṣẹ́ Lib Tech ní ìpínlẹ̀ Washington wà lára àwọn tó yí i po. Wọ́n ṣe pátákó tí àárín rẹ̀ kan ilẹ̀, tí imú àti ìdí rẹ̀ sì gbé sókè, wọ́n sì pè é ní Skate Banana, nítorí ó tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Irú yìí ni wọ́n ń pè ní rocker. Ó rọrùn láti yí, ó sì ń léfòó nínú lẹ́búlẹ́bú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í le lórí yìnyín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa méjèèjì pọ̀: camber lábẹ́ ẹsẹ̀, rocker ní imú.

Ìtàn yìí ló wà lẹ́yìn ohun tí ẹni tó ń ra pátákó àkọ́kọ́ ń bá pàdé. Pátákó háyà sábà máa ń rọ̀, nítorí ẹni tí kò gùn ún rí ni ilé háyà ń rò kó tó rà á. Ẹni tó bá ti mòye lè ti kọjá rẹ̀ tipẹ́ láì fura. Àmì rẹ̀ ni pé bí ó bá ti ń sáré, imú pátákó á máa gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wá èyí tó le díẹ̀, ní nǹkan bí 5 sí 7 lórí òṣùwọ̀n 10 tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò, kó sì yan camber tàbí àdàlú tí camber pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ó bá máa ń wá lẹ́búlẹ́bú, kí imú gùn ju ìdí lọ díẹ̀. Bí ó bá máa ń fò tó sì ń fẹ̀yìn rìn, kí méjèèjì dọ́gba.

Ní ti gígùn, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àṣà àtijọ́ ni pé kí a gbé pátákó dúró kó kan àgbọ̀n, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ara ló ń tẹ pátákó, kì í ṣe gíga. Ká mú ẹni tó wọn kìlógíráàmù 80, tó ń wọ bàtà nọ́ńbà 45. Pátákó gbogbo òkè tó bá ara rẹ̀ mu á wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 157 sí 162. Bí ó bá wá yan èyí tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 250, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á yọ síta jù. Nígbà tó bá gbé pátákó lé etí rẹ̀ gidigidi, imú bàtà á ha òjò dídì, á gbé irin kúrò nílẹ̀, ẹni náà á sì yọ̀ lọ lórí ìbàdí ara rẹ̀. Pátákó fífẹ̀, tí ìbàdí rẹ̀ tó 260 sókè, ló yẹ ẹ́. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, nítorí ojú lásán kì í rí mìlímítà mẹ́wàá.

Ohun kékeré méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni ìsàlẹ̀ pátákó: èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú ọ̀rá dì pọ̀ máa ń yára, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìda lemọ́lemọ́, èyí tí wọ́n yọ́ tí wọ́n sì tẹ́ kò wọ́n, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Èkejì ni ihò tí ìdè ń wọ̀, nítorí ihò gbogbo ilé iṣẹ́ kò bára mu. Ọ̀pọ̀ ibùdó máa ń ní ọjọ́ tí èèyàn lè dán pátákó wò kó tó rà á, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wálẹ̀ nígbà tí òtútù bá ń parí lọ.

Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Bàtà háyà ni ó sì máa ń kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló ti tẹ inú rẹ̀. Láti ìgbà tí ìdè ti de ẹsẹ̀ mọ́ pátákó ni gbogbo àṣẹ ti ń gba inú bàtà kọjá. Bí owó kò bá ká méjèèjì, bàtà ni kí ẹni náà kọ́kọ́ rà, kó ṣì máa háyà pátákó títí di ọdún tó ń bọ̀.