Àwọn Tí Ń Wá Oògùn Jẹjẹrẹ: Láti Ìdí Arère dé Ìsàlẹ̀ Òkun

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ láti òkè Màpó ní Ìbàdàn, tí ó gba Ọjà'ba, tí ó sì dorí kọ Ìdí Arère, kò ní ṣàì bá àwọn ìyá eléwé-ọmọ pàdé, àwọn tí abiyamọ ilé Olúyọ̀lé ń tọ̀ lọ bí ara ọmọ bá gbóná, tí wọ́n mọ egbò, èèpo àti ìtàkùn lórúkọ bí ìyá ti mọ ọmọ. Ọ̀dọ̀ irú wọn ni iṣẹ́ ńlá kan ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwòsàn ni ó ń parí sí.

Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Láti mọ èyí tí ó pé fún àrùn burúkú bí jẹjẹrẹ ni àwọn onímọ̀ oògùn ìṣẹ̀dá fi wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti ní ibòmíràn. Wọn a kọ́kọ́ fi ìdí orúkọ ewé múlẹ̀, wọn a fa èròjà rẹ̀ jáde, wọn a dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ìgò, kí ó tó kan ẹranko, kí ó sì tó kan aláìsàn tí ó fi tinútinú gbà. Ní UCH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, ni ìwé àkọsílẹ̀ àwọn alárùn jẹjẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1960, kí a lè mọ irú èyí tí ń bá wa jà.

Ọ̀nà gígùn yìí kan náà ni ayé tọ̀ dé inú òkun. Kànrìnkàn òkun, ẹ̀dá tí kò lẹ́sẹ̀, tí kò léyín, tí ó lẹ̀ mọ́ àpáta tí kò sì lè sá fún ọ̀tá, oró ni ó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń gbé inú rẹ̀ a sì máa bá a pèsè òmíràn nínú oró náà. Lára kànrìnkàn etíkun Florida ni onímọ̀ kan, Werner Bergmann, ti rí èròjà àjèjì ní nǹkan bí 1950. Àwòkọ́ṣe rẹ̀ ni àwọn mìíràn fi ṣe oògùn cytarabine, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1969 fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ní Jàpáànù, ní 1986, wọ́n kéde èròjà halichondrin B láti ara kànrìnkàn mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí a lè rí nínú odidi tọ́ọ̀nù kànrìnkàn kò tó gíráàmù kan; ìgbà tí àwọn onímọ̀ kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ ṣe é ni ọ̀nà tó là, tí eribulin, oògùn tí a fi àwòkọ́ṣe rẹ̀ ṣe, fi jáde ní 2010 fún jẹjẹrẹ ọmú.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Etíkun Nàìjíríà wa gùn ju 800 kìlómítà lọ, ilé ìwádìí òkun sì ti wà ní Èkó láti 1975. Kí ìjọba ná owó sí iṣẹ́ ìwádìí oògùn yìí. Kí eléwé-ọmọ má ṣe fi ìmọ̀ pamọ́. Kí onímọ̀ má sì ṣe gba ìmọ̀ náà láìfún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá rí kókó ní ọmú tàbí níbikíbi lára, ẹ má ṣe fi àgbo fa ọjọ́ gùn: ẹ tètè lọ fi han dókítà.