Àwòrán Ọpọlọ Lẹ́yìn Jàǹbá: Ohun tí Ẹ̀rọ Ń Rí àti Ohun tí Kò Rí

Ìlú àwọn ọmọ Àyàn ni Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ará ibẹ̀ mọ̀ dájú pé awọ ìlù dùndún lè wà láìya, kí ohùn rẹ̀ sì ti bàjẹ́, nítorí pé àwọn okùn awọ tó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀ ti já. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí ènìyàn rí. Agbárí lè má là, ọgbẹ́ sì lè má sí níbẹ̀, síbẹ̀ kí ọpọlọ ti fara pa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa tí à ń gun ọ̀kadà láti Ìlobùú, Ifọ́n àti Ẹ̀rìn lọ sí Òṣogbo. Ẹlòmíràn a ṣubú, a fi orí gbálẹ̀, a dìde, a sì ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Àmọ́ bí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lábẹ́ egungun agbárí bá ti já, ẹ̀jẹ̀ yóò máa rọra kó jọ síbẹ̀, yóò sì máa tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ dáadáa fún wákàtí mélòó kan, kí ó tó dákú lójijì.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀? Ní ọdún 1962, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ bíbí Awẹ́, tí í ṣe ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Nígbà náà, egungun ni X-ray ń fi hàn, kì í ṣe ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán orí aláìsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1979, òun àti Allan Cormack, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ìtànṣán X-ray ni ẹ̀rọ CT ń yí ká orí aláìsàn. Kọ̀ǹpútà a wá to àwòrán náà ní ìpele-ìpele, bí ìgbà tí a bá bẹ́ iṣu. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ń fi egungun tó là, ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà àti ọpọlọ tó wú hàn. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń kọ́kọ́ béèrè fún un.

Àmọ́, ọsán já, ọrún dọ̀pá. Nígbà tí orí bá mì jìgìjìgì, àwọn okùn tín-ín-tín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ lè fà tàbí kí wọ́n já, CT sì lè má rí wọn. Ẹ̀rọ MRI, tó ń lo òòfà alágbára àti ìgbì rédíò, máa ń rí púpọ̀ nínú ohun tí CT kò rí, pàápàá ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Láti ọdún 1994 ni ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní DTI ti wà, èyí tó ń wo bí omi ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn okùn náà. Níbi tí okùn bá ti bàjẹ́, omi a máa tàn káàkiri. Síbẹ̀, inú ìwádìí ni DTI ti wúlò jù. Kò tíì tó ohun tí dókítà lè fi òun nìkan dá ẹjọ́ aláìsàn kan ṣoṣo.

Nítorí náà, bí ẹni tó forí gbálẹ̀ bá ń bì léraléra, tí kò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, tí oorun àìdáa ń kùn ún, tí gìrì mú un, tàbí tí apá kan ara rẹ̀ ń rọ, ẹ má ṣe ní kí ó lọ sùn kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ó bá jẹ́ arúgbó, ẹ má tilẹ̀ dúró de àmì kankan.

Bí àwòrán CT bá sì mọ́, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ onítọ̀hún. Bí orí bá ń fọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó ń gbàgbé nǹkan, tó sì ń bínú sódì, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ tàbí aláṣejù. Ẹ mú un padà sọ́dọ̀ dókítà. Àwòrán tó mọ́ kò sọ pé irọ́ ni ó ń pa.